Odò di òkè lórí ògiri pálọ̀ mi: fọ́tò oko Iowa ti ọdún 1939

Àbíkẹ́ Iowa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i. Ọ̀rọ̀ wá kàn mí lónìí.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ síbi tí àwọn ọmọ àgbẹ̀ kan tó ti dolóògbé ti ń ta ẹrù bàbá wọn, ní abúlé kan ní àríwá Des Moines. Abọ́ ni mo bá lọ. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kẹ́rù sí ni mo ti rí bébà ńlá kan tí wọ́n ká bí ẹní. Mo tú u, ẹnu mi ò lè padé: fọ́tò oko tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfurufú, dúdú àti funfun, ínṣì 24 níbùú, 24 lóròó. Oko lọ súà, onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀nà tọ́ bí ẹni pé wọ́n fi okùn nà án, àwọn oko kan funfun bí ẹ̀gúsí, àwọn kan dúdú bí aró. Odò kékeré kan wọ́ kọjá láàárín wọn, kò bìkítà fún ààlà ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan ti fi yíǹkì pupa fa ìlà yí àwọn oko kan ká, ó kọ nọ́ńbà sínú wọn: 18.4, 37.2, 9.6. Ní igun òkè, lẹ́tà mẹ́ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, wọ́n sì kọ 8-5-39. Dọ́là 35 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Wàhálà ti dé báyìí. Mo fi píìnì gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Ọkọ mi wọlé, ó ní, “Òkè wo lèyí?” Mo ní odò ni. Ó ní òkè ni. Mo tún un wò, àfi bí odò náà ṣe yọ síta bí iṣan ọwọ́ arúgbó! Láti ìgbà náà, mi ò rí odò mọ́.

Apá wo gan-an ló yẹ kó wà lókè? Ṣé mo lè nu yíǹkì pupa yẹn kúrò? Ó ń dí mi lójú. Mo sì fẹ́ ẹ̀dà tó tóbi sí i fún ògiri tó wà lókè àga ìjókòó.

Kọ́lá Peckham

Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́, ẹ kú ọjà rere. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín: fọ́tò ààlà ilẹ̀, tí wọ́n fi pupa kọ nọ́ńbà sí, nínú pálọ̀ ọmọ Yorùbá? Àlejò á jókòó, wọn ò tíì gbé omi fún un, á ti ní, “Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń du ilẹ̀?”

Ẹ nu ún kúrò, jàre. Ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 1939 ni wọ́n yà á, ó ku oṣù díẹ̀ kí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ máa fi dá àlejò lára yá.

Bàbá Awọnlẹ̀ (Ọ̀yọ́)

Ẹ má nu nǹkan kan o! Àbíkẹ́, dúró ná.

Kọ́lá, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ ọ́. Oṣù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọjọ́. Ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ni. Fọ́tò náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin àgbàdo ní Iowa ni. Ilẹ̀ tí wọ́n túlẹ̀ sílẹ̀ lásán ni ìbá kún inú fọ́tò. Àwọn oko tó funfun bí ẹ̀gúsí yẹn, oko ọkà óòtì tí wọ́n ti gé ni, ó ku pòròpórò rẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó dúdú ni àgbàdo tó ti ga ju èèyàn lọ. Èyí tó wà láàárín méjèèjì, tó ṣe bí eérú, pápá ẹran ni tàbí koríko tí wọ́n ń gé fún ẹran.

Ó ku ti odò tó di òkè. Ọkọ rẹ ò jẹ̀bi, ìwọ náà ò jẹ̀bi. Ó ti mọ́ ojú ọmọ èèyàn lára pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ní Iowa, oòrùn ọ̀sán kì í gba àtàrí wọn gangan bíi tiwa. Apá gúúsù ló máa ń wà, nítorí náà àríwá ni òjìji ń ṣubú sí. Tí o bá wá gbé àríwá sókè bí a ṣe ń gbé máàpù, ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ nìyẹn. Ojú rẹ ò gbà bẹ́ẹ̀, ló bá yí ilẹ̀ padà fún ọ: kòtò yọ síta, òkè jìn wọlé. Yí fọ́tò náà po kí gúúsù bọ́ sókè, odò á padà sínú ilẹ̀. Lẹ́tà igun yẹn á dorí kodò, kò sí èyí tó kàn ọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní RECTAS ní Ilé-Ifẹ̀ (ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀, láti máa kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ láti òfurufú), ohun tí mo fi ń kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun káàbọ̀ nìyí. Mo á gbé fọ́tò kan síwájú wọn, mo á ní kí wọ́n fi ìka lé àfonífojì. Ọ̀pọ̀ wọn á gbé ìka lé orí òkè, wọ́n á sì búra.

Yíǹkì pupa wá ni ojúlówó ọjà tí o rà. Ní 1933, owó irè oko ti já wálẹ̀ débi pé ìjọba Roosevelt ṣòfin pé àwọn á máa sanwó fún àgbẹ̀ tó bá dín ohun tó ń gbìn kù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé òfin náà ní 1936, wọ́n tún un ṣe, sísan owó ń bá a lọ. Ó di dandan kí ẹnìkan wọn oko kọ̀ọ̀kan. Ṣéènì, ẹ̀wọ̀n irin tí a fi ń wọn ilẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ́ kiri lórí ilẹ̀. Kó tó di 1940, wọ́n ti gbé kámẹ́rà sínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ń ya káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) kan tẹ̀lé òmíràn, ínṣì 1 lórí fọ́tò dúró fún ínṣì 20,000 lórí ilẹ̀. Wọ́n á fẹ̀ ẹ́ títí ínṣì 1 á fi dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 660, wọ́n á gbé e fún ọ́fíìsì káúńtì. Akọ̀wé kan á jókòó, á fi ẹ̀rọ kékeré tí à ń pè ní planimeter tọ etí oko yípo, ẹ̀rọ náà á sọ bí oko ṣe tóbi tó. 18.4 yẹn, iye éékà ni. Iye tí àgbẹ̀ máa gbà wà nínú rẹ̀. Ìwọ wá fẹ́ fi kànìnkànìn nu ún.

Àbíkẹ́ Iowa

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo yí i po lálẹ́ àná. Odò wọlẹ̀! Ọkọ mi ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé odò ni.

Nǹkan méjì ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ọ̀nà kan wà tó tọ́ bí ọfà láti ìpẹ̀kun kan, ó dé ibì kan, ó yà bàrá díẹ̀, ó tún tọ́ lọ. Ṣé ẹni tó là á mu ẹmu ni? Àti pé inú àwọn oko kan rí tótòtó bí ara àmọ̀tẹ́kùn.

Bàbá Awọnlẹ̀ (Ọ̀yọ́)

Ẹmu kọ́. Ayé ló rí roboto.

Òfin 1785 ló sọ pé kí wọ́n gé ilẹ̀ wọn sí onígun mẹ́rin, máìlì 6 sí máìlì 6, kí wọ́n tún gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 36, máìlì 1 sí máìlì 1, ìyẹn éékà 640. Ìdá mẹ́rin rẹ̀, éékà 160, ni wọ́n ń fún ẹni tó bá lọ tẹ̀dó lábẹ́ òfin 1862. Lórí tábìlì, ó dùn ún gé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà tó bá kọjú sí àríwá ń súnmọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ ni, torí ibì kan náà ni gbogbo wọn máa pàdé sí. Tí awọnlẹ̀ ò bá ṣàtúnṣe, igun mẹ́rin á máa fún lọ. Nítorí náà, wọ́n á rin ibi tó jìnnà díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á tún ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ibi tí wọ́n ti tún un bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà rẹ ti yà.

Ti àmọ̀tẹ́kùn yẹn: apá ibẹ̀ yẹn ni yìnyín ńlá ayé àtijọ́ ti yọ́, ó fi kòtò kéékèèké sílẹ̀ káàkiri, àbàtà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ri ọ̀pá amọ̀ sábẹ́ ilẹ̀ láti fa omi wọn gbẹ. Omi lọ, ilẹ̀ dúdú tó wà nísàlẹ̀ àbàtà ò lọ. Wò ó dáadáa, bóyá wàá rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó ya ẹ̀ka bí eegun ẹja: ipa ọ̀pá omi nìyẹn.

Ọmọ Onífọ́tò (Houston)

Píìnì kẹ̀! Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ píìnì yẹn lónìí.

Iṣẹ́ mi ni títẹ fọ́tò ńlá, ẹ gbọ́ tèmi. Ojú fọ́tò àtijọ́ yẹn jẹ́ gelatin, ohun bíi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rí lára awọ àti eegun ẹran. Ó ti gbẹ bí awọ gángan. Tí ẹ bá fi agbára nà án, á sán. Ẹ wá ike ńlá tó ní ìdérí, ẹ tẹ́ táwẹ̀lì tútù sísàlẹ̀, ẹ fi nǹkan gbé fọ́tò kúrò lórí omi, ẹ dé e fún wákàtí mélòó kan. Tó bá ti rọ̀, ẹ fi í sáàárín bébà tó ń fami, ẹ kó ìwé wúwo lé e. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ fi òwú tútù fọwọ́ kan yíǹkì pupa náà ní kọ̀rọ̀ kan. Tí pupa bá bá òwú lọ, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún bébà àtijọ́ ṣe.

Tó bá jẹ́ tèmi, inú àpótí ni ojúlówó á wà, ẹ̀dà ni mo máa gbé kọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ fọ́tò náà láìní yíǹkì, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́: yunifásítì Iowa State ti gbé àwọn fọ́tò Iowa ti 1930 sókè yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kàn máa tẹ abúlé yín lórí máàpù ni. Illinois, Minnesota àti Pennsylvania náà ní tiwọn. National Archives, ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ìwé àtijọ́ rẹ̀ sí, ló ń tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù ọ̀pọ̀ wọn. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, kò sí ẹni tó máa béèrè owó ẹ̀tọ́ àdàkọ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo bá rí àwọn tó ń ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní dọ́là 200, tí wọ́n kọ “ẹ̀dà ọ̀tọ̀” sí i.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Fọ́tò àkọ́kọ́, kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́, jẹ́ ínṣì 9 sí 9. Tí wọ́n bá fi 600 dpi (píkísẹ́lì, ìyẹn ẹyọ àmì tín-tìn-tín, 600 nínú ínṣì kan) ya ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ó ní píkísẹ́lì 5,400 níbùú. Ó tó ínṣì 36 tí èèyàn bá máa jókòó jìnnà díẹ̀ sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí kì í dán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n “mú un mú ṣáṣá”, oko á dà bí èyí tí wọ́n fi bírò yà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun àwọ̀ ewé sí i fún yín.

Tí ẹ bá kó o wálé sí Nàìjíríà, ẹ má gbé e fún àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́tò mọ́ pátákó. Ọ̀rinrin ọdún kan péré ti tó láti ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Sùúrù Lérè

Èló ni férémù ínṣì 36 ní Amẹ́ríkà báyìí?

Ìyá Aláṣọ (Ìsẹ́yìn)

Ẹ kú àlàyé. Ọmọ mi tó ń gbé ní Madison mú ọ̀kan wá fún mi, ti Wisconsin ni, ọdún méjì rèé tó ti wà lókè ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Tèmi ò ní igun mẹ́rin. Oko tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, gbogbo wọn wọ́ bí ejò yí òkè ká. Ẹni tó bá mọ òfì kò ní béèrè ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Àfi bí ẹni gán òfì pọ̀, tó wá tẹ́ ẹ sórí ọmọdé tó ń sùn.

Oníbàárà kan wọlé, ó ní kí n hun àwòṣe yẹn fún òun. Mo ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ ahunṣọ. Ọmọ mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: ọ̀gbàrá ló ń gbé ilẹ̀ wọn lọ nígbà náà, ó gbẹ́ kòtò tó lè gba mọ́tò. Ní 1933, ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Coon Valley, wọ́n kọ́ àgbẹ̀ pé kó yé kọ ilẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, kó máa kọ ọ́ yí òkè ká, kó gbin koríko sí ọ̀já kan, kó gbin àgbàdo sí ìkejì, kí koríko lè gba omi tí àgbàdo bá jẹ́ kó lọ. Ẹ̀rù ọ̀gbàrá ló ya àwòṣe yẹn.

Kọ́lá Peckham

Ìyá, ẹ ti mú mi rántí tèmi. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ràn. Ti Àǹtí Àbíkẹ́ yẹn dà bí ìwé ìṣirò. Iléeṣẹ́ Aerofilms, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1919, ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò, ẹ lè wo wọn lórí ìkànnì Britain from Above. Ohun tí mo kọ́ sẹ́nu ọ̀nà mi ni pápá àgùntàn kan ní àárín gbùngbùn England: oòrùn ti fẹ́ wọ̀, poro oko àtijọ́ yọ lábẹ́ koríko, ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ bí lẹ́tà S tó kọ ẹ̀yìn. Màlúù ló tẹ̀ ẹ́. Màlúù púpọ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ìtúlẹ̀ kan, ìlà wọn gùn, kí wọ́n tó dé ìpẹ̀kun oko wọ́n ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Láti bí ìgbà tí ilẹ̀ náà ti di ti àgùntàn, kò sẹ́ni tó pa poro yẹn rẹ́.

Ẹ sì jẹ́ n béèrè: èwo ni ti àwọn oko roboto? Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ń tà, wọ́n kọ “Kansas 1939” sí i, òbìrí-bìrí ló kún inú rẹ̀.

Bàbá Awọnlẹ̀ (Ọ̀yọ́)

Má rà á. Òbìrí yẹn jẹ́ ipa ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀pá gígùn yípo láti bomi rin oko. Frank Zybach ló ṣe é, ọdún 1952 ni wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Nínú éékà 160 onígun mẹ́rin, nǹkan bí éékà 130 ni omi rẹ̀ ń dé, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á gbẹ. Ẹni tó bá fi òbìrí hàn ọ́ ní 1939, irọ́ ló ń tà.

Olùkọ́ Ìtàn (Memphis)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí kò dùn.

Owó tí Bàbá sọ yẹn, níhìn-ín ní Gúúsù níbi tí wọ́n ti ń gbin òwú, ọwọ́ onílẹ̀ ló ń bọ́ sí. Àwọn tó ń ro oko ò ní ilẹ̀. Wọ́n ń pín irè pẹ̀lú onílẹ̀ ni, lórí gbèsè tí kì í tán, ó le ju ìṣákọ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ó yẹ kí onílẹ̀ fún wọn ní tiwọn nínú owó náà, ọ̀pọ̀ ò fún wọn. Tí ó bá sì ti dín oko òwú kù, kí ló tún fẹ́ fi ìdílé wọ̀nyẹn ṣe? Ó lé wọn. Ní 1934, ní Tyronza ní Arkansas, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Southern Tenant Farmers' Union.

Mo ní fọ́tò méjì ti ibì kan náà ní Arkansas, ọ̀kan láti ìparí ọdún 1930 sókè, èkejì láti 1964. Nínú ti àkọ́kọ́, àmì tín-tìn-tín kún inú oko bí ìgbà tí èèyàn wọ́n ata gígún sórí ẹ̀wà. Ilé ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipa ẹsẹ̀ funfun tó jáde láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nínú èkejì, kò sí ilé kan, oko kan ṣoṣo ló lọ rẹrẹẹrẹ. Gbogbo àlejò mi, èkejì ló ń wù wọ́n.

Kọ́lá Peckham

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ìyẹn ni pé kí a má kọ́ ọ mọ́?

Olùkọ́ Ìtàn (Memphis)

Kọ́ ọ, àbúrò. Èmi ni mo ní mi ò lè jẹun níwájú tèmi. Yàrá ìwé ló wà.

Ìyá Aláṣọ (Ìsẹ́yìn)

Olùkọ́, gbé méjèèjì kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ti àkọ́kọ́ wà lápá òsì. Àlejò tó bá ní èkejì wu òun, ní kó ka ilé inú ti àkọ́kọ́ fún ọ.

Àbíkẹ́ Iowa

Ọ̀rọ̀ yín gbé mi lọ sí ìwé káúńtì wa. Àdéhùn 1832 àti ti 1842 ni wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Iowa lọ́wọ́ àwọn Sauk àti Meskwaki, kí ṣéènì tó kàn án. Mo ti pinnu pé màá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn férémù pẹ̀lú 8-5-39.

Ẹ ò ní bínú, Bàbá: ti oko tiwa ńkọ́? Ṣé wọ́n ya ìyẹn náà?

Bàbá Awọnlẹ̀ (Ọ̀yọ́)

Wọ́n yà á. Iléeṣẹ́ Directorate of Colonial Surveys, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1946, ya àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn láti fi ṣe máàpù. NCAP, ibi tí wọ́n ń kó fọ́tò òfurufú jọ sí ní Edinburgh, ló ń tọ́jú àwọn fọ́tò náà báyìí. Ṣùgbọ́n má retí igun mẹ́rin. Oko tiwa kò ní etí tó ṣe é fi rúlà fà: èyí tí a ń dá lọ́wọ́, èyí tí a fi sílẹ̀ kó sinmi, igbó, gbogbo wọn wọnú ara wọn. Oko kòkó tó wà lábẹ́ igi obì àti ìrókò, igbó ni wàá pè é láti òkè. Ààlà wà níbẹ̀ o, pèrègún ni, kámẹ́rà ni ò mọ̀ ọ́n. Èmi á kọ́ ọ sí pálọ̀ mi, àmọ́ ìyàwó mi sọ pé bébà tó dà bí iwájú aṣọ tí èbu ti mú lòun rí.

Kí n tó gbàgbé, Àbíkẹ́. Wá rúlà, wọn fọ́tò rẹ láti ojú ọ̀nà ńlá kan dé èkejì. Máìlì 1 ló yẹ kó wà láàárín wọn, ínṣì 8 gééré.

Àbíkẹ́ Iowa

Mo ti wọ̀n ọ́n, sà. Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ínṣì 8. Láti àríwá sí gúúsù, 7 àti díẹ̀, kò pé 8, ó ku bí ìbú ọ̀bẹ.

Bàbá Awọnlẹ̀ (Ọ̀yọ́)

Bébà ló sún kì. Tí wọ́n bá fọ fọ́tò tí wọ́n sì sá a, ó máa ń sún kì ní apá kan ju èkejì lọ. Gbé e kọ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí Kọ́lá bá ní kí o gbé e lọ jẹ́rìí ní kóòtù, má gbà.